Bí Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Fọwọ́ Tò Kò Bá Mọ Oorun Sùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Iná Ti Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì nínú, àwọn tó ṣe é sì ti ṣètò oorun rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín tò kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù ti ibì kan wá, páwà páàkì tó ń fún un níná ti ibòmíràn wá, RAM tó ń di iṣẹ́ mú fún ìgbà díẹ̀ tún jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó ti dán gbogbo wọn wò pọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ra wọn yé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ geere lójú ọ̀sán fi ń hùwà bí ọmọ ọwọ́ lóru: ó kọ̀ kò sùn, tàbí ó sùn tán ó jí fúnra rẹ̀ láago méjì òru, tàbí ó sùn kò jí mọ́.

Níhìn-ín ní Èkìtì, ní Adó, ní Ìkéré, ní Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ iná tún wà lórí ìyẹn. Oorun tó dára níbi tí iná kì í ti í lọ lè ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú oorun tí ẹ ń wá.

Oorun kì í ṣe ẹyọ kan

Sleep, tí BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) ń pè ní S3, máa ń pa gbogbo nǹkan àfi RAM. Fáànù á dúró, ẹ̀rọ á dákẹ́, nǹkan bíi wáàtì 2 sí 5 ló sì máa ń mu. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ á là láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ṣùgbọ́n inú RAM ni iṣẹ́ yín wà. Bí NẸ́PÀ bá mú iná báyìí, gbogbo ohun tí ẹ kò tíì tọ́jú ti bá a lọ nìyẹn.

Hibernate, ìyẹn S4, máa ń kó gbogbo ohun tó wà nínú RAM sórí dísíìkì, sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, lẹ́yìn náà á kú pátápátá. Ẹ lè yọ okùn iná rẹ̀ kí ẹ gbé e lọ sí Ìkọ̀lé. Bí ẹ bá tàn án níbẹ̀, á bá yín lọ síbi tí ẹ dúró sí. Ohun tó fi le díẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ ju Sleep lọ kó tó jí.

Hybrid sleep ń ṣe méjèèjì pọ̀: ó kọ iṣẹ́ sórí dísíìkì, ó sì tún sùn bíi Sleep. Bí iná bá dúró, á jí kíákíá. Bí iná bá lọ, á jí láti orí dísíìkì. Èyí ni kí ẹ máa lépa lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì níhìn-ín. Tí kò bá ṣeé ṣe, Hibernate ló kàn. Sleep lásán dùn ún lò lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ínfátà rẹ̀ dá lójú ló lè fọkàn tán an.

Oríṣi kan tún wà lórí àwọn bọ́ọ̀dù tuntun kan, S0, tí Windows máa ń kọ bíi Standby (S0 Low Power Idle). Bíi ti fóònù ni: ojú rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò sùn tán. Lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ẹ má wá Hybrid kiri, Hibernate ni tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó lè ṣe

Ẹ tẹ Windows, ẹ kọ cmd, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ ohun tó jáde, ẹ mú Run as administrator. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, inú rẹ̀ la ó ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ:

powercfg /a

Á to oorun tí ẹ̀rọ yín lè sùn sókè, á to èyí tí kò lè sùn sísàlẹ̀, á sì sọ ìdí. Ìdí yẹn ni kí ẹ kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Windows.

Bó bá ní system firmware kò gba S3, inú BIOS lọ̀rọ̀ wà. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ máa tẹ Delete tàbí F2, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ACPI sí lábẹ́ Advanced tàbí Power, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pa Suspend to RAM. Bí ẹ kò bá rí i rárá, ó lè jẹ́ pé S0 nìkan ni bọ́ọ̀dù yín mọ̀.

Bó bá ní wọn kò tíì tan hibernation, ẹ kọ powercfg /h on. Ẹ rí i pé àyè wà lórí dísíìkì C, torí fáìlì yẹn máa ń gba bí ìdá 40 nínú 100 RAM. RAM 16 GB á gba nǹkan bíi 6.4 GB.

Bó bá dárúkọ graphics, dírafà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ ohun èlò kan lò) ti káàdì ojú ni kò sí níbẹ̀. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo Display adapters. Bí ẹ bá rí Microsoft Basic Display Adapter, ẹ̀rọ yẹn kò ní sùn títí ẹ ó fi gbé dírafà tó jẹ́ ti káàdì náà gan-an sí i. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows sí ẹ̀rọ tí kò sí dátà láti fi wa dírafà.

Bó bá sì jẹ́ hypervisor (ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà) ló sọ pé ó ń dí Hybrid sleep lọ́nà, ẹ̀ ń lo Hyper-V tàbí WSL2, tàbí Memory integrity wà ní títàn nínú Windows Security. Ẹ má torí oorun pa ààbò ẹ̀rọ. Ẹ gba Hibernate, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Bí Hybrid bá wà lára ohun tó ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, ẹ ṣí Sleep, ẹ fi Allow hybrid sleep sí On.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ ti gbogbo iṣẹ́ gidi pa. Ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú Sleep. Ẹ dúró títí fáànù yóò fi dákẹ́, kí ẹ tún fi ìṣẹ́jú kan lé e. Ẹ pa iná rẹ̀ lára ògiri, ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ tàn án padà, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ ti borí ìdajì wàhálà yìí. Bí Windows bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Sleep lásán lẹ ṣì ń sùn.

Tó bá kọ̀ tí kò sùn

Ẹ fi ọwọ́ sùn ún: Start, Power, Sleep. Bó bá sùn báyìí ṣùgbọ́n tí kì í sùn fúnra rẹ̀, nǹkan kan ló ń sọ fún Windows pé kó má sùn. Ẹ kọ:

powercfg /requests

Ibi tí kò bá ti sí None, ẹ ti rí ọ̀daràn. Lábẹ́ DISPLAY tàbí SYSTEM, búráúsà ló wọ́pọ̀ jù: ìsìn tí ẹ ń wò lórí YouTube ti tán, àmọ́ táàbù míràn ṣì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó tún lè jẹ́ ohun tó ń wa fáìlì ńlá, tàbí kọ̀ǹpútà kejì nínú ilé tó ṣí fódà láti orí tiyín. Ẹ ti í pa, ẹ tún àṣẹ náà kọ. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ tì pa ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ kí Windows má dá lóhùn, irú èyí ni ẹ ó kọ:

powercfg /requestsoverride PROCESS chrome.exe DISPLAY SYSTEM

Láti fagi lé e, ẹ tún un kọ láìsí DISPLAY SYSTEM.

Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ None síbẹ̀ tí kò sùn, ẹ yọ páàdì géèmù. Páàdì tí ọ̀pá rẹ̀ ti gbó máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á sì rò pé èèyàn ṣì jókòó síbẹ̀.

Tó bá ń jí fúnra rẹ̀

Kò sí ẹ̀mí àìrí kankan níbẹ̀. Bó bá ṣe ń jí tán, kí ẹ má tíì ṣe nǹkan míràn, ẹ kọ powercfg /lastwake. Bó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ lẹ tó rí i, ẹ ṣí Event Viewer, Windows Logs, System, ẹ wá Power-Troubleshooter tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1. Ó máa ń kọ aago tó sùn, aago tó jí, àti Wake Source. Ẹ fi aago tó jí wé aago tí iná dé. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀nà jìnnà.

Bó ṣe ń rí nìyí: kọ̀ǹpútà wà lórí UPS, ó ń sùn, ṣùgbọ́n ráútà wà lára iná ilé. Iná dé, ráútà tàn, káàdì nẹ́tíwọ̀kì rí i pé wáyà ti padà bọ̀ sípò, ó jí ọ̀gá rẹ̀. Ẹ lọ sí Device Manager, Network adapters, ẹ ṣí káàdì náà, ẹ lọ sí Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow this device to wake the computer. Bí ẹ bá nílò láti máa jí i láti ọ̀nà jíjìn, ẹ fi í sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ fàmì sí Only allow a magic packet to wake the computer, kí ẹ sì pa Wake on pattern match lábẹ́ Advanced.

Àwọn yòókù: powercfg /devicequery wake_armed á to gbogbo ohun tó láṣẹ láti jí ẹ̀rọ. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló yẹ kó kù. Máòsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, torí tábìlì tí fáànù ilé ń mì tó fún un láti ta kìjí.

powercfg /devicedisablewake "HID-compliant mouse"

Ẹ kọ orúkọ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lójú tiyín. Lẹ́yìn náà, powercfg /waketimers á fi iṣẹ́ tí wọ́n dá aago fún hàn, bíi àpídéètì Windows. Nínú Power Options, lábẹ́ Sleep, ẹ fi Allow wake timers sí Disable.

Bí Wake Source bá jẹ́ Unknown, BIOS ló kù. Ẹ pa Power On By PCI-E àti Resume by RTC alarm.

Tó bá sùn tí kò jí mọ́

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Wọ́n á ní bọ́ọ̀dù ti kú, wọ́n á ra òmíràn, ìyẹn náà kò ní jí. Ẹ wo ohun tó ṣe kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Bí fáànù bá yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, RAM tàbí káàdì ojú ni. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí nǹkan kan kò mì, páwà páàkì lẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jí ṣùgbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iná ti já nígbà tó ń sùn. Ẹ wo Kernel-Power 41 nínú Event Viewer: bí BugcheckCode rẹ̀ bá jẹ́ 0, tí kò sì sí àṣìṣe míràn níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an pé iná ló já tàbí pé ẹ̀rọ gan pátápátá, bó bá jẹ́ nọ́ńbà míràn, Windows fúnra rẹ̀ ló ṣubú, dírafà sì lẹ ó wò.

Ẹ jẹ́ ká mú RAM. XMP, tàbí EXPO lórí AMD, máa ń mú RAM sáré ju ìwọ̀n tí wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀ lọ. RAM lè fara da á tó bá ń ṣiṣẹ́, kó má fara da á nígbà tó bá ń ti ojú oorun dìde. Ẹ wọ BIOS, ẹ pa XMP, ẹ sùn ún ẹ jí i nígbà mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, torí àìsàn yìí lè fi ẹ̀rọ lọ́rùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó mú un lẹ́ẹ̀karùn-ún. Bó bá jí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ tan XMP padà kí ẹ dín ìyára rẹ̀ sí ìpele kan, fún àpẹẹrẹ láti 3600 sí 3400 tàbí 3200. Lórí RAM DDR5, ẹ pa Memory Context Restore náà kí ẹ fi dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ fi MemTest86 yẹ RAM wò, ẹ ní sùúrù: ẹ ó gún iyán, ẹ ó jẹ ẹ́, ẹ ó fọ odó, kò tíì parí.

Nípa káàdì ojú, ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀ nígbà tí ojú bá dúdú. Bó bá dún tí àwòrán sì padà, dírafà ló ṣẹ̀. Ẹ yí i padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún fi okùn HDMI dípò DisplayPort wò, torí àwọn ojú kan kì í tètè dá DisplayPort mọ̀ lẹ́yìn oorun.

Ó kan páwà páàkì. Nínú rẹ̀ ni wáyà kan wà tí kì í sùn, +5VSB, aláwọ̀ àlùkò, òun ni 9 lára ihò 24 tó wọ bọ́ọ̀dù. Òun ló ń bọ́ RAM lójú oorun, òun ló sì ń gbọ́ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ páàkì ń fún un ní ámpù 2 sí 3 péré, ìyẹn wáàtì 10 sí 15. Bí ẹ bá fi fóònù méjì sí USB kọ̀ǹpútà láti gba iná mọ́jú nígbà tó ń sùn, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu RAM. Ẹ yọ wọ́n kí ẹ tó dá páàkì lẹ́bi.

Láti wọ̀n ọ́n, ẹ fi mítà sí DC 20V. Ẹ fi ẹnu dúdú kan wáyà dúdú èyíkéyìí, ẹ ki ẹnu pupa bọ ẹ̀yìn ihò àlùkò láìyọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù. Bí wáyà yín bá dúdú pátá, ẹ wo àwòrán inú ìwé bọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe méfò. Ẹ kà á nígbà tí ẹ̀rọ bá kú, ẹ tún kà á nígbà tó bá ń sùn. Láti 4.75 sí 5.25 ló dára. Bó bá jẹ́ 5.0 nígbà tó kú tó wá já sí 4.6 nígbà tó sùn, páàkì yẹn ti rẹ̀. Ẹ má ṣe tú u láti tún un ṣe: kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbá èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn.

Ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í rántí: bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù. Bí aago BIOS bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, ètò tí ẹ ṣe kò lè dúró. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti wálẹ̀ dé 2.7V tàbí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí Ryzen, prósẹ́sọ̀ AMD, tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gan nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, kó tiẹ̀ tó sùn, ẹ wá Power Supply Idle Control nínú BIOS, ẹ fi sí Typical Current Idle. Àwọn páàkì àtijọ́ kan kò lè gbé iná kékeré tí Ryzen ń mu tó bá sinmi.

Àwọn tó ń lo Linux

cat /sys/power/mem_sleep á fi deep àti s2idle hàn. Èyí tó wà nínú àkámọ́ lẹ̀ ń lò. Deep ni S3. Bó bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àkámọ́, ẹ fi mem_sleep_default=deep kún ètò GRUB. Bó bá ń sùn tó sì ń jí lójú ẹsẹ̀, ẹ wo /proc/acpi/wakeup. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù B550 ti Gigabyte, GPP0 ló ń fa èyí. Bí ẹ bá di root, echo GPP0 > /proc/acpi/wakeup á pa á, àmọ́ á padà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, nítorí náà ẹ fi sínú service systemd. Fún káàdì NVIDIA tó ń jí pẹ̀lú àwòrán wúruwùru, ẹ tan nvidia-suspend àti nvidia-resume, kí ẹ fi NVreg_PreserveVideoMemoryAllocations=1 sí i.

Iná ilé fúnra rẹ̀

Ẹ ka ara páwà páàkì. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, kò bẹ̀rù iná tó rẹlẹ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá kọ 200–240V, nígbà tí iná bá wá sí 170 lójú ìrọ̀lẹ́ ó lè já, sitẹbiláísà kò sì ní burú fún irú rẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó ní súwíìṣì pupa lẹ́yìn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí káńtà kí ẹ tó kì í bọ iná: bó bá wà lórí 115, iná 230 á fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ínfátà yín bá ní súwíìṣì UPS, ẹ fi síbẹ̀. Láti orí NẸ́PÀ sí orí bátìrì, ó máa ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 10 báyìí. Lórí ipò kejì ó lè ju 20 lọ. Páàkì tó dára lè di èémí mú fún bíi 16. Ẹ lè rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ló ń pa kọ̀ǹpútà yín ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, kì í ṣe Windows. Ínfátà tí iná rẹ̀ kò yọ̀ geere, tí kì í ṣe pure sine wave, tún lè mú kí páàkì olóye máa kùn bí oyin tàbí kó pa ara rẹ̀.

UPS tó ní okùn USB, ẹ ki í bọ kọ̀ǹpútà. Windows á rí i bíi bátìrì, á sì fi Critical battery action hàn nínú Power Options. Ẹ fi sí Hibernate, kí ẹ gbé Critical battery level sí 30. Ìdí ni pé kíkọ 6.4 GB sórí dísíìkì tó ń yí, tó ń kọ 100 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. SSD SATA á parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bátìrì UPS tó ti lo ọdún mẹ́ta lè má dúró fún ìṣẹ́jú kan yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tó ń gbé ní Ìwòròkò tàbí Ọ̀yẹ́ tí ẹ sì ń pín ínfátà kan, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Kọ̀ǹpútà tí kò ṣe nǹkan kan ṣùgbọ́n tí kò sùn, tó ń mu wáàtì 60, á mu wáàtì-wákàtí 480 láàárín wákàtí mẹ́jọ òru. Bátìrì olómi 12V, 100Ah kan ní 1,200, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì yẹ kí ẹ fà, ìyẹn 600. Bó bá sùn, tó ń mu wáàtì 3, 24 ló máa mu. Bó bá lọ sí Hibernate tí ẹ sì pa súwíìṣì ògiri, òdo ni. Ẹ fi Sleep sí ìṣẹ́jú 15, ẹ fi Hibernate after sí 60.

Ètò kan kù nínú BIOS, Restore on AC Power Loss. Ẹ fi sí Power Off. Èèyàn fẹ́ràn Last State kí ẹ̀rọ lè dìde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá dé, iná lè wá kó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, kọ̀ǹpútà yín á sì máa dìde á máa ṣubú bá a títí dísíìkì á fi bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fọwọ́ ara yín tẹ bọ́tìnnì.